Gìtá tí mo tà, mo ṣì ń wá a o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "ṣebí irú ẹ̀ kún ọjà, lọ ra òmíì", ẹ ò tíì ní irinṣẹ́ orin kan tó pẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Gìtá méjì lè jáde níléeṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà kí ohùn wọn má bára mu, torí igi ni, igi méjì kì í rí bákan náà, ká má tíì wá sọ ti ọrùn ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá èyí tẹ́ ẹ ti tà bíi tèmi, ìtàn àwọn tí wọ́n jí tiwọn gbé lẹ fi ń tan ara yín jẹ. Randy Bachman, olórin Kánádà yẹn, wọ́n jí gìtá Gretsch 6120 ẹ̀ tọdún 1957 ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Toronto lọ́dún 1976, ó wá a títí, àfìgbà tẹ́nì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà tó ń fi àmì inú igi gìtá yẹn wé àwọn fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló bá rí i nínú fídíò lọ́wọ́ olórin kan ní Jàpáànù, Tokyo ni wọ́n ti fi í lé Bachman lọ́wọ́ lọ́dún 2022. Ẹ gbọ́ o, olè ló jí i, síbẹ̀ ọ̀fẹ́ kọ́ ló fi gbà á, gìtá míì tó jẹ́ irú ẹ̀ gan-an tọdún kan náà ló fún ẹni yẹn kó tó gba tiẹ̀. Èmi tí mo wá fọwọ́ ara mi tà á, tí mo kówó sápò ńkọ́? Tèmi jọ ti Peter Green, onígìtá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, jù. Ó ta gìtá Les Paul ẹ̀ tọdún 1959 fún Gary Moore, onígìtá bíi tiẹ̀, Gary Moore náà tà á lọ́dún 2006, nígbà tó fi máa di 2014 ó ti dọ́wọ́ Kirk Hammett, onígìtá ẹgbẹ́ olórin Metallica. Peter Green ṣì wà láyé ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Tó bá wá kan wíwá a, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára lẹ máa kọ́kọ́ wá jáde, ẹ wo rìsíìtì àtijọ́, ẹ wo fọ́tò. Gìtá Fender àtijọ́, ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà, lórí irin pẹlẹbẹ tó de ọrùn mọ́ ara. Ti gìtá Gibson ò ṣeé gbára lé tán, láwọn ọdún 1960 wọ́n máa ń lo nọ́ńbà kan náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Violin ńkọ́? Bébà tí wọ́n kọ "Stradivarius" sí, orúkọ ẹni àtijọ́ tó ń ṣe violin olówó ńlá, tẹ́ ẹ bá rí nínú ẹ̀, ẹ má kà á sí jàre, rẹpẹtẹ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tí wọ́n ṣe níléeṣẹ́ ńlá. Ẹni tó rà á lè kùn ún, kó yọ pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn ẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ, kó pààrọ̀ gbogbo irin orí ẹ̀, àmọ́ ihò tẹ́ ẹ ti lu sára igi, kó tó kúrò pátápátá, iṣẹ́ ńlá ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹni tẹ́ ẹ tà á fún ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, wọn ò ní sọ orúkọ ẹni tó rà á fún yín, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n pín nọ́ńbà mi fẹ́ni tí mi ò mọ̀ rí, ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín fi létà ránṣẹ́ sí i.

Ibi tí èmi àtàwọn kan ò ti gbà rèé: wọ́n ní tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ṣe bí oníbàárà lásán, ẹ má sọ pé tiyín ni tẹ́lẹ̀, kó má baà gbówó lé e. Òótọ́ ni, ó lè gbówó lé e ṣá o. Èmi á sọ ọ́ síbẹ̀. Owó tí mo bá fi irọ́ dín kù, ìtàn ibi tí gìtá náà rìn dé ni mo fi san án, torí kò ní sọ ọ́ fún oníbàárà lásán. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó yé e látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ò wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rù ìyẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n fèsì. Tó bá lóun ò tà, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ lù ú díẹ̀. Tó bá kọ ìyẹn náà, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ pé ọjọ́ tó bá fẹ́ tà á, kó kọ́kọ́ pè yín.