Jíjọba kì í ṣe jíjẹgàba
Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí ó ń tàn kálẹ̀ ní Iléṣà sọ pé ọ̀kan náà ni kí ènìyàn jọba àti kí ó jẹgàba lé ìlú lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó jọba, bí Ọwá Obòkun, ọba Iléṣà, ìdílé ọba ni ó ti wá, àwọn afọbajẹ ni ó yàn án (òun náà lè jẹgàba o, bí ó bá ṣi agbára lò). Ṣùgbọ́n àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì láti máa ṣàkóso wọn, tí wọ́n ń fi tipátipá gba ohun ìní ará ìlú, ìjẹgàba pọ́ńbélé ni tiwọn, òun ni ó sì bí ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé, jagunjagun Iléṣà, ṣe olórí ogun Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n para pọ̀ bá Ìbàdàn jà), títí àdéhùn 1886 fi gbà pé àwọn ìlú náà ti bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn.