Ẹ má tíì gba ọ́fíìsì o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ ìlera ọpọlọ sílẹ̀

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tí ò bá gbà kó bá mi jiyàn nísàlẹ̀. Ẹ̀yin saikọ́lọ́jìsìtì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn èèyàn, tẹ́ ẹ ń sọ pé owó ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ tíì dá dúró, èmi ò rò pé owó ni olórí ìṣòro yín. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ta ni ò mọ bí lándílọ́ọ̀dù ṣe ń gba rẹ́ǹtì ọdún 2 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ́jẹ́ǹtì á gba tiẹ̀, lọ́yà á gba ti ágírímẹ́ǹtì, ká tó wá kan sólà, torí kò sẹ́ni tó máa lè sọ ohun tó ń dùn ún nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn wíńdò. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n gbé owó yẹn fún yín lónìí, ẹ gbalé sí Bódìjà, ẹ kùn ún, ẹ ra àga tìmùtìmù bíi tinú fíìmù òyìnbó, ẹ wá gbé sáínbọ́ọ̀dù gàgàrà síta pé ibi ìtọ́jú ọpọlọ nìyí. Ta ló máa wọlé?

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò nílò ẹ, ojú ló ń tì wọ́n. Ṣebí àwa náà la máa ń bú ara wa pé "ó yẹ kí wọ́n gbé ẹ lọ Àró", tí ará Èkó ń sọ pé "Yaba left" lorí ẹnì kan wà, torí ilé ìwòsàn ọpọlọ wà níbi méjèèjì. Ta ló wá fẹ́ kí ìyá tó ń ta ẹ̀wà lódìkejì títì rí òun níbi tóun ti ń wọ irú ilé bẹ́ẹ̀? Lándílọ́ọ̀dù gan-an, ẹ sọ iṣẹ́ yín fún un kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀, àwọn kan á ní kí wèrè má lọ fọ́ gíláàsì àwọn.

Lójú tèmi, ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ti ń wo ibà, tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ bá dókítà tó ni ín sọ̀rọ̀, ẹ gba yàrá kan fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ jọ pín owó tó bá wọlé. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá ibà ló gbé e wá ni àbí oorun tí ò kùn ún mọ́ látìgbà tọ́kọ ẹ̀ ti kú. Ilé ìwòsàn ọ̀hún ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ ò sì lè kọ oògùn fún èèyàn, dókítà wà nítòsí tó máa kọ ọ́ tàbí kó kọ lẹ́tà sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn. Láàbù náà wà níbẹ̀ jàre, torí ẹlòmíì wà tá a máa rò pé ìsoríkọ́ ló ń bá a jà, àṣé ẹ̀jẹ̀ ni ò tó lára ẹ̀ tàbí tárọ́ìdì ẹ̀, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Èyí tó tún wá ṣe pàtàkì jù ni pé inú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ làwọn tẹ́ ẹ ń wá ti wà tẹ́lẹ̀. Yorùbá tí ọkàn ẹ̀ dàrú kì í wá sọ pé ọkàn òun dàrú, á ní orí òun ń gbóná, nǹkan kan ń rìn kiri lára òun bí èèrà, àyà òun ń já. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, á lọ, á tún padà wá, báyìí-báyìí títí owó á fi tán. Nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà mọ gbogbo wọn. Ẹ mú nọ́ọ̀sì yẹn lọ́rẹ̀ẹ́, àǹfààní ẹ̀ ju ìpolówó Instagram lọ.

Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ àti álífáà ńkọ́? Mo rí àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí tí wọ́n ń bá wọn jà lórí Facebook, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí gbà níbẹ̀. Láti 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Àró ká l'Ábẹ́òkúta, mọ̀lẹ́bí wọn á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, ó sì gba àwọn bàbá oníṣègùn mọ́ra. Dókítà tó kàwé dé ìlú òyìnbó nìyẹn o! Pásítọ̀ tó bá gbà pé ká jọ gbàdúrà kí ẹni náà sì tún wá rí yín ní Tuesday, ẹni yín nìyẹn.

Ó tún ku owó ìtọ́jú, ibi tójú ti ń tì wá jù. Wọ́n á ní "ṣebí ọ̀rọ̀ la kàn sọ, kí ni mo tún ń sanwó fún?" Èèyàn wa á sanwó fún oògùn tó kún inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n wákàtí kan tẹ́ ẹ fi jókòó tì í ò jọ nǹkan kan lójú ẹ̀. Ẹ má ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ṣá. Ẹ dín in kù fún ẹni tí ò ní, ẹ jẹ́ kó pín in san, àmọ́ kó sanwó kó tó jókòó, kó sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọdé tó ń gbowó yàtọ̀ sí ẹ̀yin fúnra yín, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán níwájú yín, ẹnu yín ò ní gbà á láti béèrè owó lọ́wọ́ ẹ̀.