Ẹ Wá Wo Etí Kìnnìún

Nígbà kan, ní Ìbàdàn yìí, ẹni tó bá ti dé Dubai ti di àgbà ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò pẹ́ tí Dubai fi di Dùgbẹ̀. Bí o bá ṣèèṣì sọ lóde ìkómọ báyìí pé Dubai lo ti ń bọ̀, wọ́n á kàn rọra sún ìgò omi sọ́dọ̀ rẹ ni. Ìbéèrè tó wà nígboro ni, "Ṣé ẹ ti lọ sàfárì?" Ojú àánú ni wọ́n á sì fi bi ọ́, bíi nọ́ọ̀sì tó ń béèrè bóyá ọmọ ti gba abẹ́rẹ́.

Bọ̀dá wa kan ní Bódìjà, tí n kò ní dárúkọ wọn torí mo ṣì ń jẹun nílé wọn, kó ìyàwó àti ọ̀rẹ́ mẹ́fà lọ wo ẹranko inú igbó ní ọgbà Serengeti, ní Tanzania, lọ́dún tó kọjá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìmúra, torí níbẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí jù. Ṣebí ẹ mọ̀ pé Yorùbá kì í rin ìrìn ẹni mẹ́jọ láìdá aṣọ ẹbí. Àwọn ọkùnrin rán kákí bíi ti ọlọ́pàá ayé òyìnbó, ṣòkòtò rẹ̀ dúró lórúnkún, àpò mẹ́rìnlá ló wà lára ẹ̀wù. (Kí ni wọ́n fẹ́ kó sí àpò mẹ́rìnlá? Fóònù kan ni.) Àwọn obìnrin ní kákí kì í gbé àwọ̀ yọ. Àdìrẹ ni wọ́n rà, ọ̀pá mẹ́fà mẹ́fà, aró rẹ̀ dúdú kirikiri, gèlè sì wà níbẹ̀.

Ohun tí télọ̀ kò mọ̀ ni pé eṣinṣin kan wà nínú igbó yẹn, òun ló ń gbé àrùn tó ń mú èèyàn sùn bí òkú kiri, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó aṣọ aláró àti aṣọ dúdú. Kódà, bí ìjọba bá fẹ́ mú un, aṣọ aláró ni wọ́n fi ń dẹ pańpẹ́ fún un. Dẹ́rẹ́bà kìlọ̀ fún wọn láàárọ̀. Alhaja kan nínú wọn fèsì pé òun kò sanwó télọ̀ tán kí òun wá fi aṣọ pamọ́ nítorí eṣinṣin. Kó tó di ọ̀sán, àjùmọ̀dá aṣọ ti di àjùmọ̀họra. Nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n gbé sórí WhatsApp, ọwọ́ kan wà níbàdí, ìkejì wà lẹ́yìn. Ẹ má rò pé ìdúró oge ni.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ká wá jẹ àmàlà. Àṣé àmàlà kò ní jáde títí fídíò á fi parí. Wọ́n so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn. Fídíò àkọ́kọ́: koríko. Ìkejì: koríko àti igi kan. N kò ní parọ́, ilẹ̀ náà tẹ́. Èdè àwọn Máásáì ni wọ́n ní orúkọ Serengeti ti wá, pé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ láìlópin ló túmọ̀ sí, ọgbà náà sì fẹ̀ ju 14,000 kìlómítà lọ níbùú lóòró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan ká wò ó tán lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ọbẹ̀ sì máa tutù.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Etí rẹ̀ nìyẹn!"

Gbogbo wa na ọrùn. Lábẹ́ igi kan lọ́hùn-ún, nǹkan kan yọ ṣóńṣó láàárín koríko. Bọ̀dá ní etí kìnnìún ni. Ìyàwó wọn ní rárá o, ìdí ìrù ni. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Nǹkan náà kò sì mira ní tirẹ̀, torí kìnnìún lè sinmi tó ogún wákàtí lójúmọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ilé wa náà ń sùn tó bẹ́ẹ̀, kò sí ará Tanzania kankan tó tíì fi dọ́là wọkọ̀ òfurufú wá wò ó. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Fìrí yẹn gan-an ni bọ̀dá wa lọ fowó rà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fi hàn wá náà nìyí: ẹran tí wọ́n ń pè ní wildebeest, tó dà bíi màlúù tó dá irùngbọ̀n sí. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wá koríko tútù kiri, láti Serengeti títí wọ Kenya, kí wọ́n tún padà, odò Mara wà lójú ọ̀nà wọn, ọ̀nì sì kún inú odò. Orí mi wú nígbà tí bọ̀dá ní àwọn débẹ̀. A wò ó. Alhaja ló dúró níwájú kámẹ́rà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn gèlè rẹ̀, eruku ń sọ lálá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran ń bẹ́ sódò, gèlè bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ ti wọ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn rí, tí kò jìnnà sí ilé wọn. Lọ́dún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ẹranko díẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, ó sì di ọgbà gidi ní 1974. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. "Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń lọ síbẹ̀." Agodi ńkọ́? Wọ́n ní omíyalé Ògùnpa ti gbé ẹranko ibẹ̀ lọ ní 1980. Òótọ́ nìyẹn, kò sì ṣeé fi ṣe ẹ̀fẹ̀, mo bá pa ẹnu mọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Lédè Swahili, ìrìnàjò lásán ni "safari". Ẹni tó bá wọ Micra ní Mọ́kọ́lá lọ sí Challenge, tí wọ́n fún òun àti ẹlòmíì pa pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ti ṣe sàfárì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ní Serengeti, mọ́tò kò gbọdọ̀ sáré kọjá 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Micra kò gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tí ẹfọ̀n yọ ni Bàbá jí. Bàbá tó bí bọ̀dá ni, ọmọ Ìgbòho, ọdẹ ni wọ́n kí orúnkún tó ní ó tó. Látìgbà koríko ni wọ́n ti ń sùn lórí àga. Wọ́n wo tẹlifíṣàn tìfuratìfura.

"Níbo ni atẹ́gùn ti ń fẹ́?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Ẹ ò rí bó ṣe gbé imú? Ó ti gbóòórùn yín. Ká ní mo wà níbẹ̀, orí igi ni mi ò bá wà báyìí."

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìjálá ki ẹfọ̀n. Ohùn náà gbó, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Wọ́n kì í dé ìwo, wọ́n kì í dé pátákò, wọ́n kì í dé ojú tó fi ń wo ọdẹ tó tàsé. Ara mi bù máṣọ. Bọ̀dá gbàgbé rìmóòtù lọ́wọ́.

Lójijì ni fóònù jáde níhìn-ín lọ́hùn-ún.

"Bàbá, ẹ yíjú síbí díẹ̀."

"Ẹ tún ti ìwo yẹn ki, n kò rí i ká!"

"Ẹ má sún mọ́ wọn jù," Alhaja ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n á dákẹ́ o."

Bàbá dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n wo fóònù mẹ́jọ tó kọjú sí wọn, wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ti sanwó ìwọlé?"