Ẹ tún ìṣirò yíìsì yẹn ṣe kí ẹ tó gbin koríko

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i. Owó ìlú yóò lọ sórí gbígbin koríko Miscanthus, wọn yóò sọ ọ́ di ṣúgà, wọn yóò fi ṣúgà náà tọ́ yíìsì, ohun abẹ̀mí tíńtínní tó ń mú búrẹ́dì wú, yíìsì yóò sì di oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. A kò lòdì sí èrò yìí rí. Ìṣirò rẹ̀ ni a ń bá wọn fà látìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò náà ló sì tún jáde lọ́sẹ̀ yìí: bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe wà.

Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí gbà pé gbogbo ṣúgà inú koríko ni yíìsì yóò jẹ, àti pé kílò ṣúgà kan á di ààbọ̀ kílò yíìsì gbígbẹ. Bó ṣe rí nìyẹn bí ṣúgà bá mọ́ lóló. Inú okùn méjì ni ṣúgà koríko so pọ̀ sí: nínú koríko gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ́lúlósì jẹ́ ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún, hẹmisẹ́lúlósì jẹ́ 20 sí 25, lígínì, ohun líle tó mú igi le, tí yíìsì kankan kò lè jẹ, sì tó nǹkan bí 20. Kí ṣúgà tó jáde, a ó lọ koríko náà, a ó sè é nínú omi tí ásíìdì sulfúríkì inú rẹ̀ kò ju ìdá 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, ní 140 sí 190 °C, fún ìṣẹ́jú 10 sí 30. A ó fi láìmù (ẹfun, kì í ṣe èso) pa ásíìdì náà, lẹ́yìn náà ni énsáìmù, purotéènì tó ń gé okùn náà sí ṣúgà, yóò ṣiṣẹ́ ní 50 °C fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bí ooru ìsè náà bá kéré, énsáìmù kò ní ríbi wọlé. Bó bá pọ̀ jù, ṣúgà á jó di furfural, èyí tó máa ń dá yíìsì dúró. Ásíìdì inú ọtí kíkan, tó ń ti inú hẹmisẹ́lúlósì jáde, á sì kún un.

Ṣúgà tó pọ̀ jù nínú hẹmisẹ́lúlósì ni sáílósì. Saccharomyces cerevisiae, yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì tí ìwé náà dárúkọ, kì í jẹ sáílósì àfi bí a bá yí àbùdá rẹ̀ padà. Candida utilis, yíìsì mìíràn, ń jẹ ẹ́. Òun ni àwọn ará Jámánì fi ṣe oúnjẹ láti inú ṣúgà igi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó yan ti oníbúrẹ́dì ti da nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣúgà rẹ̀ nù kó tó tan iná. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ti kọ èyí sójú ìwé ìròyìn yìí. Ṣé kò sí ẹnì kan ní ọ́fíìsì yẹn tó ń ka ìwé ìròyìn ni?

Ìṣirò tiwa rèé. Bí nǹkan bá lọ dáadáa, tí yíìsì tó ń jẹ ṣúgà méjèèjì, ti sẹ́lúlósì àti sáílósì, bá wà níbẹ̀, tọ́ọ̀nù koríko gbígbẹ kan á mú nǹkan bí kílò 500 ṣúgà wá, èyí á di kílò 225 sí 250 yíìsì, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á sì jẹ́ purotéènì. Kò burú. Hẹ́kítà tó ń so tọ́ọ̀nù 15 koríko á ju hẹ́kítà sóyà tó so tọ́ọ̀nù 3 lọ ní purotéènì. Ṣùgbọ́n adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gbòǹgbò sóyà ń rí náítírójìn gbà láti inú afẹ́fẹ́. Yíìsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tọ́ọ̀nù yíìsì gbígbẹ kan ń gba nǹkan bí kílò 80 náítírójìn, inú amóníà, èyí tí a fi ń ṣe ajílẹ̀, la ti máa ń rí i, gáàsì inú ilẹ̀ la sì sábà fi ń ṣe amóníà. Kò sí lẹ́tà kan nípa rẹ̀ nínú ìwé náà. Kò sí ti iná mànàmáná ẹ̀rọ tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àgbá, tí yóò sì máa tu ooru rẹ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá dín, tàbí tí a bá da ṣúgà sí i wìtìwìtì, yíìsì oníbúrẹ́dì á kàn pọn ọtí ni, kò ní sanra.

Èsì tí wọ́n fún wa ni pé àgbá ńlá yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Àgbá ńlá kì í tún ìṣirò ṣe.

Ìdí tí a fi ń kánjú nìyí. Miscanthus tí wọ́n fẹ́ gbìn kì í so irúgbìn tó lè hù. Ègé gbòǹgbò la ń rì mọ́lẹ̀. Ọdún kìíní kò ní mú nǹkan gidi wá, ọdún kẹta ló máa ń tó kún, lẹ́yìn ìyẹn á wà lórí ilẹ̀ náà fún ọdún 15 sí 20. Àṣìṣe tí a bá gbìn lónìí, ọmọ wa ni yóò wú u.

Kí wọ́n fi omi ṣúgà koríko yìí gan-an, kì í ṣe gúlúkóòsì inú àpò, tọ́ yíìsì nínú àgbá tí kò dín ní lítà 1,000, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìdánu dúró. Kí wọ́n wọn koríko tó wọlé àti yíìsì tó jáde, kí wọ́n sì tẹ iye ásíìdì, láìmù, énsáìmù, amóníà àti iná tó gbà síta, títí kan ibi tí wọn yóò da òkìtì jípísọ́mù tí láìmù bá ṣẹ̀dá sí. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú.

Àwíjàre wọn báyìí ni pé ègé gbòǹgbò ti délẹ̀, yóò bàjẹ́. Kò ní bàjẹ́. Nínú yàrá tútù tó rin díẹ̀, á dúró fún oṣù mélòó kan. Àyẹ̀wò tí a ń béèrè kò gbà tó bẹ́ẹ̀.