Ta ló wọ ilé ọba lẹ́yìn tó jó?

Fótò méjì ni ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lórí WhatsApp láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àkọ́kọ́ ni ojúde àárín ìlú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: igi ọdán, àwọn àgbà lábẹ́ rẹ̀, agboòrùn àwọn ọlọ́jà, àti eruku. Èkejì ni bó ṣe dà báyìí: íńtálọ́ọ̀kì pupa, ọgbà irin, koríko tí wọ́n gé bí irun ọmọ iléèwé, àti agbada ńlá tí wọ́n ní omi yóò máa tú jáde nínú rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Kí n tó wo fótò náà tán, èèyàn mẹ́rìnlá ti pàtẹ́wọ́.

Inú bí mi. N kò kórìíra ohun tó dára o. Òwe tí wọ́n fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ni mo ń bá wọn jà lé lórí.

Ààfin gbiná, ìlú kóra jọ, wọ́n tún un kọ́, tuntun wá dùn ún wò ju ti àtijọ́ lọ. Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun méjì ni àwọn tó ń pa òwe yìí máa ń gbé mì. Àkọ́kọ́, iná ló jó ilé ọba, kò sẹ́ni tó rán katapílà sí i. Èkejì, nígbà tí wọ́n kọ́lé tán, ọba kan náà ló wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí òwe yìí ti bá a mu, ẹ lọ sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Cocoa House, alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Iná jó o ní 1985. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Ẹ wá pa á níbẹ̀ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, èmi náà á gbè é.

Ti ojúde wa ńkọ́? Mo lọ wò ó fúnra mi lọ́jọ́ Ẹtì, bí aago méjì ọ̀sán. Ilẹ̀ gbóná bí agbada gààrí. Wọ́n ti gé igi ọdán, ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà ni wọ́n gbìn dípò rẹ̀, ọ̀pẹ tí kò léyìn, tí òjìji rẹ̀ kò bo adìyẹ. Bẹ́ǹṣì símẹ́ńtì wà níbẹ̀. Mo fìdí kàn án, mo fò dìde. Omi kò tú, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà mẹ́ta ló sùn sínú agbada. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló jókòó ní gbogbo ibẹ̀, òun náà sì ti fi páálí borí.

Ìyá ẹlẹ́kọ tí a ti ń bá níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ti bọ́ sí òdìkejì títì, lórí pákó tí wọ́n fi dé gọ́tà. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, nígbà tí àwọn èèyàn ńlá ti lọ tán, òun gbé igbá òun wọlé, òun jókòó síbi tí òun máa ń jókòó sí. Ẹ̀ṣọ́ tí òun lè bí ní ẹ̀ẹ̀mejì ní, "Màámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má ba àyíká jẹ́."

"Mo ní, ọmọ mi, ta ni wọ́n ṣe é fún? Ó ní wọ́n ṣe é fún ìlú ni. Mo ní, èmi wá ńkọ́, ṣé oko ni mo ti wá?"

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì fi ẹ̀kọ kan ṣe èènì fún mi.

Ìta ni ìta ń jẹ́ lédè wa. Ìta Tinúbú, Ìta Fájì: ibi tí wọn kì í ti í bi èèyàn pé kí lo wá ṣe. Ojúde ọba, ọba ló ni ín lórúkọ, síbẹ̀ wèrè pàápàá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìta tó bá ti ní géètì àti wákàtí tí wọ́n ń tì í, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un. Ẹ wo pápá eré ẹṣin l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ta àsíá òmìnira ní 1960. Ní 1972, wọ́n sọ ọ́ di Tafawa Balewa Square, wọ́n gbé ère ẹṣin funfun sókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ẹṣin náà rẹwà, n kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lówó ayẹyẹ ló ń háyà inú rẹ̀. Àwa yòókù, ẹṣin là ń wò.

Ẹ tún wo ọjà Tẹ́júoṣó l'Ékòó. Iná jó ọjà náà ní 2007, wọ́n ṣí tuntun ní 2014, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń dán gbinrin. Òwe ti fẹ́ bá a mu báyìí, àbí? Ọ̀pọ̀ àwọn tí iná jó ọjà wọn ni agbára wọn kò ká owó ìsọ̀ tuntun. Ọba tí ilé rẹ̀ jó kọ́ ló wọlé.

Kì í sì í ṣe tòní. Ní 1955, òyìnbó kò tíì lọ, LEDB, àjọ ìjọba tó ń rí sí àtúntò ìlú Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wólé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ní ó rí jákujàku. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn kó lọ sí Surulere. Sùúrù lérè lóòótọ́, àmọ́ obìnrin tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ fún ẹbí àti aládùúgbò, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Surulere, tí owó ọkọ̀ sì ti jẹ èrè tán? Ti Màrókò, àdúgbò kan l'Ékòó, tilẹ̀ burú jù. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun fún wọn ní ọjọ́ méje. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà lónìí, ẹ wo irú ilé tó wà lórí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ọmọ Màrókò kan lè sanwó ilé níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní Ìta Tinúbú kan náà ni Ilojo Bar wà, ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́ láyé ìgbà náà, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ní 1956, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Òfin ọgọ́ta ọdún, katapílà kò dúró kà á.

Ẹ má rò pé mo jókòó sórí òkè ń bu èèyàn. Ilẹ̀kùn ilé bàbá àgbà wa, tí wọ́n fín ẹṣin àti ẹyẹ sí lára, a yọ ọ́ dànù kí a lè fi ilẹ̀kùn irin sí i. Èmi ni mo di apá òsì rẹ̀ mú tí a fi gbé e jáde. Elépo tó wà ládùúgbò ló fi dáná. Mo tilẹ̀ bá wọn pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdí nìyí tí ojú fi ń tì mí fún un yín, ẹ̀yin mẹ́rìnlá. Ẹ fi ilé gíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí kún ìlú tí iná kì í pẹ́ kó tó lọ, ẹ wá ń làágùn nínú rẹ̀, ẹ ń pè é ní ọ̀làjú. Àwọn Àgùdà tó kọ́lé láìsí fáànù mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jù yín lọ. Ẹ gé igi tó bo baba yín lórí, ẹ sì gbin ohun tí ewúrẹ́ kò lè sùn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pe ìpàdé lórí iṣẹ́ náà, ta nínú yín ló lọ? Ta ló béèrè ibi tí ìyá ẹlẹ́kọ máa gbé igbá rẹ̀ sí? Òwe lẹ mọ̀ ọ́n pa.

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ fi fótò ojúde ránṣẹ́, ẹ má yà á láàárọ̀ kùtùkùtù mọ́, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ẹ lọ yà á ní aago méjì ọ̀sán, kí n rí ẹni tó jókòó níbẹ̀.