Honda CB750 kọ́ ni alùpùpù onísílíńdà mẹ́rin àkọ́kọ́

Ẹnìkan tún ti gbé e dé lánàá: pé Honda CB750 tó jáde ní 1969 ni alùpùpù àkọ́kọ́ láyé tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́rin, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ yéé tún un sọ.

Láti 1905 ni FN, ilé-iṣẹ́ kan ní Belgium, ti ń ta alùpùpù onísílíńdà mẹ́rin. Wọn ò tíì bí Soichiro Honda, olùdásílẹ̀ Honda, nígbà náà. 1906 ni wọ́n bí i. Ilé-iṣẹ́ Henderson bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Detroit ní 1912. Ilé-iṣẹ́ Nimbus ṣe é ní Denmark, ilé-iṣẹ́ Indian sì ń ṣe é ní Amẹ́ríkà títí di 1942.

Ẹ wá wo Ariel Square Four, tí wọ́n ṣe ní Birmingham láti 1931 sí 1959. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, mo sì fojú ara mi kà á: sílíńdà méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Kíráńkì méjì, ìyẹn ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì ń yí, ló wà nísàlẹ̀, jíà ló so wọ́n pọ̀. Atẹ́gùn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn tẹ̀yìn dáadáa, ìyẹn ni wọ́n fi máa ń gbóná ju tiwájú lọ. Ṣé sílíńdà mẹ́rin kọ́ nìyẹn ni?

Àwọn kan á ní èyí tí sílíńdà rẹ̀ tò ní ìbú, láti ẹ̀gbẹ́ kan alùpùpù sí èkejì, làwọn ń sọ. MV Agusta ti Ítálì ti gbé ìyẹn sójú títì kí CB750 tó dé. Honda fúnra rẹ̀ ti fi RC160, alùpùpù ìdíje onísílíńdà mẹ́rin, sáré ní Asama ní Japan ní 1959. Kódà nílé Honda, CB750 kọ́ ni àkọ́bí.

Ó dáa, mo gbà pé kò sẹ́ni tó ta á fún gbogbo ayé bíi ti Honda. Ohun tó yẹ ká máa yìn Yoshiro Harada, tó darí iṣẹ́ CB750, àtàwọn èèyàn rẹ̀ fún nìyẹn: ẹ́ńjìnì 736 cc, agbára ẹṣin 67, bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti tan ẹ́ńjìnì, búréèkì dísìkì níwájú, gbogbo rẹ̀ ní $1,495 ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Mo ti gun ọ̀kan tó ti gbó. Nígbà tí a páàkì rẹ̀, mo wo abẹ́ ẹ́ńjìnì, n kò rí ẹ̀kán epo kan. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, kò nílò kí a fi ipò ẹlòmíràn kún un.