"Ta Ló Bú Yín, Sà?"

Láti àárọ̀ ni inú ti ń bí mi, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kọ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwa tí a ń bójú tó sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló sì fà á. Ó ní òun ti fi ẹjọ́ igba àdírẹ́sì IP, nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń yọ sáfà òun lẹ́nu sùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí gbogbo wa ṣe bẹ́ẹ̀, kí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ odidi orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá ti wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ohun tí mò ń kọ mọ̀ pé èmi gan-an ni mo máa ń pariwo pé kí ẹ fi ẹjọ́ àwọn oníjàǹbá yìí sùn.

Èmi ni mò ń tọ́jú sáfà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì, tí a fi ń kọ íméèlì sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti wo ìwé àkọsílẹ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ ohun tí ojú máa ń rí: láàárín aago méjì òru sí aago márùn-ún, àdírẹ́sì kan ṣoṣo á kan ilẹ̀kùn ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, á máa dán orúkọ tí a fi ń wọlé wò, á pe ara rẹ̀ ní root, á pe ara rẹ̀ ní admin, ní test, ní oracle, bí olè tó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fail2ban, ètò tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, máa ń lé e dànù. Ṣùgbọ́n lílé nìkan kọ́ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ni àdírẹ́sì náà mọ̀.

Àtimọ ẹni tó ni ín kò ṣòro. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé, AFRINIC tó wà ní Mauritius ni ti Áfíríkà, ẹni tó bá sì fi whois, ìwé orúkọ àwọn tó ni àdírẹ́sì, wádìí yóò rí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pín in fún àti íméèlì tí a ń kọ ẹ̀sùn sí. Láti 1997 ni ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti là á sílẹ̀ pé kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àpótí íméèlì kan tó ń jẹ́ abuse, èyí tí í ṣe ìlòkulò lédè Gẹ̀ẹ́sì, fún irú ẹ̀sùn yìí. Mo kọ̀wé. Mo kọ aago síbẹ̀ dé orí ìṣẹ́jú àáyá, mo ṣàlàyé pé aago Nàìjíríà ni, tó fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, mo sì fi nọ́ńbà port, ẹnu ọ̀nà tí ó gbà jáde lórí àdírẹ́sì náà, sí i, nítorí ilé-iṣẹ́ tó kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sórí àdírẹ́sì kan kò lè mọ ẹni tó ṣe é láìsí ìwọ̀nyí. Bó bá jẹ́ spam ni, íméèlì rẹpẹtẹ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè, n kì í wo orúkọ tó wà lókè íméèlì, ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ purọ́. Ìlà Received, tó ń sọ ibi tí íméèlì ti wọlé, èyí tí sáfà tiwa fúnra rẹ̀ kọ, ni mo máa ń gbà gbọ́. Kí ni èsì? Àpótí kan ti kún, òmíràn dá ìwé mi padà, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn ní ibi méjì. Ẹnì kan ṣoṣo, ní Jámánì, ló kọ̀wé pé àwọn ti rí ẹ̀rọ náà, àwọn sì ti yọ okùn rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fi íméèlì yẹn han ènìyàn.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, akọ̀wé wa fi ìwé ìpàdé ọdọọdún ránṣẹ́, èyí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ nínú rẹ̀ sì padà wá. Wọ́n ní àdírẹ́sì wa wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ibi. Alága wa, bàbá tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, wo ojú mi láàárín ìgbìmọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti ń fi ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ṣe yàhúù ni?" Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo ṣí AbuseIPDB, ìkànnì tí a ti ń fi ẹjọ́ àdírẹ́sì IP sùn, mo bá àdírẹ́sì wa níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, àwọn tí n kò mọ̀ rí sọ pé a ń kan ilẹ̀kùn àwọn ní òru. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àpótí kámẹ́rà CCTV tí a rà ní Ìkẹjà, tí ẹni tó so ó kò yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, ló ń ṣe é: orí ráútà kan náà ni òun àti sáfà wà, àdírẹ́sì kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń jáde. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Mirai, ètò burúkú tó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ olóhun, kó jọ ní 2016 tó fi gbá Dyn, ilé-iṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà sí àwọn ìkànnì, lulẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí Twitter kò fi ṣí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Kámẹ́rà tí a rà láti ṣọ́ olè ló ń yọ́ lọ jálẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Èyí kọ́ ló dùn mí jù. Bí àwọn tó fi ẹjọ́ wa sùn bá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa? Mo pè wọ́n, mo ní mo fẹ́ bá ẹni tó ń ka àpótí abuse sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Abuse? Ẹ má bínú, sà. Ta ló bú yín, sà?" Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣàlàyé. Níkẹyìn ẹnì kan wá sọ pé ọ̀gá tó ń ṣí àpótí náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ká ní wọ́n fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí wa ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti yọ kámẹ́rà náà.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní wíwá ẹni tó ni àdírẹ́sì kiri kì í ṣe iṣẹ́ yín, kí ẹ kàn ti ilẹ̀kùn ló yá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní òpin 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2007, Wikipedia ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì kan péré nítorí àwọn tó ń ba ojú ewé jẹ́, àṣé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gbogbo Qatar ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóònù wa níhìn-ín rí lónìí: àdírẹ́sì IPv4, irú àdírẹ́sì IP ti àtijọ́ tí a ṣì ń lò, kò ju 4,294,967,296 lọ, kò tó ayé pín, nítorí náà orí nọ́ńbà kan ni ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń kó èrò rẹpẹtẹ sí. Ọmọ yàhúù kan á ṣe tirẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ni ilẹ̀kùn á tì mọ́.

Kí n tó kọ èyí, mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tí èmi náà ti ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún, òmíràn ti pé ọdún kan níbẹ̀. Mo bi ara mi pé mélòó nínú wọn ló jẹ́ kámẹ́rà bàbá kan ní Vietnam tàbí Brazil, tí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo yọ mẹ́wàá kúrò láti fi wò ó. N kò tíì mu tíì mi tán tí mẹ́ta fi padà dé: root, admin, test. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn padà. Méje tó kù ṣì wà lójú mi níbí, n kò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe.